Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, Báwo Ni Ó Ti Jìnnà Tó?

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí kò sí ilé tí kò ní ẹni tí ń lọ tàbí ẹni tí ń bọ̀. Àwọn ọmọ tí ń gbé ní etí ọ̀sà, nígbà tí wọ́n bá rí ọkọ̀ òfúrufú tí ń kọjá lókè, a máa bi àwọn òbí wọn pé: "Bí ọkọ̀ yẹn bá gbé wa láti Ìkòròdú, ìgbà wo ni a óò dé Ẹ̀pẹ́?" Ìbéèrè rere ni. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ gbá a sẹ́yìn, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kan àgbà ju ọmọdé lọ.

Ìdáhùn rẹ̀ ní kúkúrú nìyí. Bí a bá na okùn tààrà láti àárín ìlú Ìkòròdú dé àárín ìlú Ẹ̀pẹ́, okùn náà yóò gùn tó nǹkan bí kìlómítà 52, èyí tí í ṣe ibùsọ̀ 32 àti díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí ń fo kìlómítà 200 láàárín wákàtí kan yóò la ọ̀nà yìí já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Ẹni tí ó bá mú ẹ̀pà dání wọlé, kò ní jẹ ẹ́ tán tí wọn yóò fi ní kí ó sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì palẹ̀ ẹrù mọ́. Kò sí pápá tí ọkọ̀ òfúrufú èrò ń bà sí ní Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti pẹ́ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ̀rọ̀ pápá ńlá kan tí wọn yóò kọ́ sí agbègbè Lẹ́kì àti Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ìrètí ni a fi ń jẹun lórí rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá. Pápá tí àwọn ará ìlú méjèèjì mọ̀ ni ti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Láti Ìkẹjà dé Ìkòròdú tó nǹkan bí kìlómítà 21 ní ọ̀nà tààrà, ó sì tó nǹkan bí kìlómítà 73 dé Ẹ̀pẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ará Ẹ̀pẹ́ tí ó bá fẹ́ fi ojú kan ọkọ̀ òfúrufú yóò kọ́kọ́ rin ilẹ̀ tí ó jìnnà ju èyí tí a ní kí ọkọ̀ náà fò lọ.

Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀tọ̀ ni bí ibì kan ti jìnnà tó, ọ̀tọ̀ sì ni àkókò tí ènìyàn yóò lò kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì sí ọ̀kan náà yóò máa pẹ́ dé gbogbo ibi tí ó ń lọ, ìgbà mìíràn a sì wà tí pípẹ́ náà yóò di ọ̀ràn ẹkún.

Bí A Ti Ń Wọn Ọ̀nà Òfúrufú

Àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò fẹ́ mọ bí a ti ṣe mọ̀ pé kìlómítà 52 ni, nígbà tí kò sí ẹni tí ó na okùn kọjá lórí ọ̀sà àti igbó. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti fi ìlà pín gbogbo ayé. Àwọn ìlà kan dùbúlẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, a ń pè wọ́n ní ìlà ìbú. Àwọn mìíràn dìde láti gúúsù lọ sí àríwá, a ń pè wọ́n ní ìlà òòró. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ìlà tirẹ̀ méjèèjì ti pàdé, gẹ́gẹ́ bí ilé ti ní ojúlé.

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀, a óò rí i pé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà ìbú kan náà. Ẹ̀pẹ́ fi díẹ̀ sún mọ́ òkun ju Ìkòròdú lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 4 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní Ìkòròdú tí ó kọ ojú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, Ẹ̀pẹ́ ni ó kọ ojú sí. Ní ti ìlà òòró, ohun tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò pé ìdajì dígíìrì kan. Ní agbègbè wa yìí, dígíìrì kan tó kìlómítà 110 àti díẹ̀ sí i, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 55. Bí a bá yọ ìwọ̀nba tí kò pé náà kúrò, kìlómítà 52 ni ó kù sí wa lọ́wọ́.

Ohun ìyanu kan sì tún wà nínú ìṣirò yìí. Ayé ń yí po, ó sì ń yí dígíìrì kan ní ìṣẹ́jú 4. Nítorí náà, oòrùn a máa yọ sí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 kí ó tó yọ sí àwọn ará Ìkòròdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago kan náà ni wọ́n ń lò. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ gba ìṣẹ́jú 2 láti kọjá láti ìlú kan dé èkejì. Ọkọ̀ kékeré tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yóò sì lo ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè bóyá ọkọ̀ òfúrufú kan lè bá oòrùn sáré, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra wọn.

Àkókò Tí A Kì í Kà

Ẹnì kan lè sọ pé ọkọ̀ kékeré lọ́ra, pé kí a mú ńlá wá. Ọkọ̀ ńlá tí ń fo kìlómítà 800 láàárín wákàtí kan yóò la kìlómítà 52 já láàárín ìṣẹ́jú 4 péré bí a bá fi ìwé ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kò gun òkè, ọkọ̀ ni ń gùn ún. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa lo ìṣẹ́jú 15 sí 20, ìgbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó gòkè dé ibi tí ó ti lè fi gbogbo agbára rẹ̀ fò. Kí ó tó gun òkè náà tán, Ẹ̀pẹ́ yóò ti wà lẹ́yìn rẹ̀ jìnnà réré. Ó sì tún nílò ilẹ̀ gbọọrọ tí yóò sáré lórí rẹ̀ kí ó tó fò. Èyí tí ó gùn jù nínú àwọn ọ̀nà ìsáré tí ó wà ní Ìkẹjà gùn tó mítà 3,900, èyí tí ó sún mọ́ kìlómítà 4. Ọ̀nà kúkúrú kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti gbé ìkòkò àsè kaná nítorí ẹyin kan.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé pápá wà ní ìlú méjèèjì, kí a sì ka àkókò náà bí ẹni tí ń ka owó ọjà. Láti ilé dé pápá, ìṣẹ́jú 30. Wọn a máa fẹ́ kí èrò dé ṣáájú, kí wọ́n wọn ẹrù, kí wọ́n sì yẹ ara wò: ìṣẹ́jú 60. Kí ọkọ̀ rìn lọ sí ojú ọ̀nà ìsáré, kí ó gòkè, kí ó fò, kí ó sì balẹ̀: ìṣẹ́jú 25. Kí a gba ẹrù kí a sì jáde: ìṣẹ́jú 10. Láti pápá kejì dé ilé ẹni tí a ń lọ kí: ìṣẹ́jú 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 155, èyí tí í ṣe wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 35. A kò tíì ka ti ọyẹ́, tí kùrukùru rẹ̀ a máa bo ojú ọ̀run tí àwọn awakọ̀ òfúrufú yóò fi máa dúró kí ojú ọjọ́ ó là.

Nísisìyí, ẹ wo ọ̀nà ilẹ̀. Láti Ìkòròdú, a ó gba ìhà Imọ́tà àti Agbówà, a ó dé Ìtòìkín, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Ìjẹ̀bú-Òde, a ó sì gba ti Ẹ̀pẹ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 60. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ń rin kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, èyí tí kì í ṣe eré rárá, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni yóò lò. Nítorí náà, ẹni tí ó fò lókè fún ìṣẹ́jú 16 yóò bá ẹni tí ó rin ilẹ̀ nílé, tí ó ti wẹ̀, tí ó sì ti ń jẹun. Yóò tilẹ̀ san owó tí ó pọ̀ jù ú lọ.

Kì í ṣe pé a ń kẹ́gàn ọkọ̀ òfúrufú. Àwọn ibì kan wà ní ayé tí ọ̀nà kúkúrú ti yẹ ẹ́. Ní erékùṣù Orkney, ní àríwá ilẹ̀ Scotland, ọkọ̀ kékeré ilé-iṣẹ́ Loganair ti ń fò láàárín Westray àti Papa Westray láti ọdún 1967. Àárín ibi méjèèjì kò ju kìlómítà 2 àti ẹ̀sún 7 lọ, ìrìn náà kì í sì í pé ìṣẹ́jú 2 nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dára. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi ìṣẹ́jú-àáyá 53 péré parí rẹ̀. Òun ni ìrìn òfúrufú èrò tí ó kúrú jù lọ ní gbogbo ayé láàárín àwọn tí ń lọ déédéé. Àwọn olùkọ́ àti àwọn aláìsàn ń wọ̀ ọ́, nítorí òkun ibẹ̀ tutù ó sì le, kò sì sí afárá. Ẹ ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe kíkúrú ọ̀nà ni ó mú kí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú síbẹ̀, bí kò ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó yá. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi nìyí nípa ọ̀nà gbogbo: èwo ni yóò mú ènìyàn dé ní àlàáfíà, ní àkókò tí ó yẹ?

Ọ̀nà Tí Àwọn Bàbá Wa Tọ̀

Kí ọ̀nà ọ̀dà tó wà, omi ni òpópó Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ Èkó, òun náà ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní etí omi kan náà láàárín wọn ni Ẹjìnrìn wà, ọjà ńlá ayé àtijọ́, níbi tí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Èkó ti ń pàdé láti ra epo, oúnjẹ àti aṣọ. Ẹni tí ń fi àjẹ̀ tukọ̀, bí ó bá lè rin kìlómítà 5 láàárín wákàtí kan, yóò lo ju wákàtí 10 lọ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ilẹ̀ yóò lo wákàtí 12, láìka ìgbà tí yóò fi sinmi. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni. Nítorí èyí, àwọn bàbá wa kì í sọ pé, "Mo ń lọ, mo ń bọ̀ nísisìyí." Wọn a di oúnjẹ, wọn a wo ojú ọ̀run, wọn a sì mọ ilé tí wọn yóò sùn.

Àwọn ohun ńlá nínú ìtàn wa ti ibẹ̀ wá. Ní òpin oṣù December ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, ojú omi ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà sá lọ, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ní oṣù September ọdún 1854, kò sì padà sí Èkó títí di ọdún 1862. Títí di òní, a ń mọ ìdílé Èkó Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Jíjìnnà ìlú náà sí Èkó ni ó jẹ́ ààbò fún Kòsọ́kọ́: kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gbàgbé ilé, kò sì sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀tá yóò fi bá a lójijì.

Ti Ìkòròdú yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1865, àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti ìlú náà, ìyà sì ń jẹ àwọn ará ibẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí Glover rán láti Èkó ní oṣù March ni ó tú ìdótì náà ká. Nítorí pé Ìkòròdú sún mọ́ Èkó lójú omi, àwọn olùrànlọ́wọ́ dé kí ọ̀ràn tó bọ́. Nígbà tí ó sì di oṣù May ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun lọ sí Ìjẹ̀bú, omi yìí náà ni wọ́n gbà kó àwọn ọmọ ogun dé Ẹ̀pẹ́, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n fi jà ní Ìmàgbọ̀n ní ọjọ́ 19. Ọ̀nà kan náà tí ó gba ìlú kan là ni ó gbé ogun wọ ìlú mìíràn.

Ní ti ọkọ̀ òfúrufú, ọdún 1925 ni àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fò láti Íjíbítì wá balẹ̀ ní Kánò. Ní ọdún 1936, ọkọ̀ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í fò dé Èkó. Nígbà ogun àgbáyé kejì ni wọ́n la pápá Ìkẹjà. Ní ọdún 1946, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà sílẹ̀, èyí tí àwọn ará Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jùmọ̀ ní pẹ̀lú wa. Ní ọdún 1979 ni wọ́n sì ṣí ilé èrò ńlá ti Ìkẹjà, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed pè, ẹni tí wọ́n pa ní ọdún 1976. Gbogbo ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ń fò kọjá lórí ọ̀sà, àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi ni ẹyẹ ń bà lé.

Ibi Tí Ìṣẹ́jú Ti Di Ẹ̀mí

Bí ó bá jẹ́ pé àlejò àti àsè nìkan ni a ń rìnrìn-àjò sí, a kì bá má ti fi ọ̀rọ̀ yìí dí yín lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé ibi àsè, ọbẹ̀ ni yóò tutù. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn kọ́ wa pé ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà púpọ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí 2 bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi wákàtí 2 yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìṣirò tí a ṣe lókè. Bí ìyá náà bá wà ní abúlé kan láàárín Ìtòìkín àti Agbówà, tí wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 wá owó, tí wọ́n fi 30 wá ọkọ̀, tí wọ́n sì fi 20 jiyàn bóyá Ìkòròdú ni kí wọ́n gbé e lọ tàbí Ẹ̀pẹ́, ìṣẹ́jú 90 ti lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe jíjìnnà ọ̀nà ni ó pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ó ṣègbé nínú ilé ni.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ìtàn Dókítà Ola Orekunrin, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Ìlú Ọba. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 12, wá sí Nàìjíríà, àìsàn sì kì í mọ́lẹ̀ níhìn-ín. Ó pọn dandan kí wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e lọ sí ibi tí ìtọ́jú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà. Ti Gúúsù Áfríkà ni ó sún mọ́ jù. Kí wọ́n tó rí ètò ṣe, ọmọ náà ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi ẹkún nìkan ṣe iṣẹ́. Ó wá sí Èkó, ó sì dá ilé-iṣẹ́ Flying Doctors Nigeria sílẹ̀, tí ń fi ọkọ̀ òfúrufú gbé àwọn aláìsàn. Ibi tí ọkọ̀ òfúrufú ti lè wúlò fún àwọn ìlú bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ nìyí: hẹlikọ́pítà kò nílò ọ̀nà ìsáré, ilẹ̀ gbalasa kan tó fún un. Bí àwọn ìjọba wa bá ń ro ohun tí wọn yóò fi owó ṣe lókè ọ̀run, kí wọ́n ro ti aláìsàn mọ́ ti ẹni tí ń lọ ṣòwò.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà òfúrufú gba owó púpọ̀, kò sì sí ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ilẹ̀ àti omi ni ó wà níbẹ̀. Àkókò ilẹ̀ kò dúró lójú kan: ní òwúrọ̀ Sunday wákàtí kan àti ààbọ̀ lè tó; ní ọjọ́ òjò, tàbí ní ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dábùú ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó lè ṣe ìlérí. Ohun tí ó burú ni pé awakọ̀ tí ó pẹ́ kúrò a máa fẹ́ fi eré gba àkókò tí ó ti sọnù padà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Láti Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́ jẹ́ nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, ká pè é ní kìlómítà 30. Ẹni tí ó rin ín ní 60 láàárín wákàtí kan yóò lo ìṣẹ́jú 30. Ẹni tí ó sá eré 90 yóò lo ìṣẹ́jú 20. Nítorí ìṣẹ́jú 10 ni ó ṣe fi ẹ̀mí èrò méjìdínlógún wéwu. Bí ó bá ti jí kúrò nílé ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú, kì bá ti sí ohun tí ń lé e. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń nini lára.

Bákan náà ni ti omi. Ọkọ̀ ojú omi tí ó ní ẹ̀rọ yá púpọ̀, kò sì sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ọ̀sà kò mọ ẹni tí ń kánjú. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé èrò 15, bí wọ́n bá kó 25 sí i nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú, kí olúkúlùkù sọ̀ kalẹ̀. Bí wọn kò bá fún ọ ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, má ṣe wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fún ọ, má ṣe fi ṣe ìjókòó, wọ̀ ọ́ sí ara kí o sì dì í. Ẹni tí ó sùn sí Ìkòròdú mọ́jú ti pẹ́ dé Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Ohun Tí Ilé Kọ̀ọ̀kan Lè Ṣe

A kò lè parí ọ̀rọ̀ láìfi ohun tí a lè ṣe lé ọwọ́ yín.

Èkíní, kí bàbá tàbí ìyá ilé mú ìwé kékeré kan, kí ó kọ àwọn ibi tí ilé náà ń lọ jù sí i: ilé-ìwé, ọjà, ilé ìwòsàn, ilé àwọn òbí. Kí ó má ṣe kọ kìlómítà nìkan, kí ó kọ àkókò tí wọ́n lò gan-an, láti ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn títí dé ìgbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n lọ. Kí ó kọ ti ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn sọ́tọ̀, kí ó kọ ti ọjọ́ òjò sọ́tọ̀. Láàárín oṣù 3, ilé náà yóò ní ọgbọ́n tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan.

Èkejì, bí aboyún bá wà nínú ilé, kí a ti pinnu kí oṣù rẹ̀ tó pé, ilé ìwòsàn tí a óò gbé e lọ, ọkọ̀ ẹni tí yóò gbé e, àti ẹni tí yóò tẹ̀lé e. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó sì wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ń gbé ní àárín méjèèjì ni kí ó ti mọ èyí tí ó yá sí òun ní òru àti ní ọ̀sán, nítorí wọ́n lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Kí a sì kó owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe owó aṣọ ẹbí ni a ń wá.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ọmọ tí ó lè ka nọ́mbà mọ̀ pé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, 767 tàbí 112 ni a ń pè nígbà ewu. Kí wọ́n kọ́ bí a ti ń sọ ibi tí a wà kí ó yé ẹni tí ó wà ní òkèèrè: orúkọ ìlú, orúkọ òpópó, àti ohun tí ó wà nítòsí. Ọkọ̀ aláìsàn tí kò mọ ojúlé yóò sọ ìṣẹ́jú nù bí ẹni tí kò kúrò níbi tí ó wà.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa kúrò nílé ní kùtùkùtù. Èyí dàbí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ kọ́ ni ṣíṣe.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tiyín nìyí fún ọ̀sẹ̀ yìí. Bí kẹ̀kẹ́ ológeere bá ń rin kìlómítà 15 láàárín wákàtí kan, wákàtí mélòó ni yóò lò lórí ọ̀nà ilẹ̀ kìlómítà 60 láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́? Bí ọkọ̀ ojú omi elẹ́rọ bá ń rin kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò lò lórí kìlómítà 52? Nígbà tí ẹ bá rí ìdáhùn, kí ẹ bi bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín, bí wọ́n bá wà láàyè, pé ọjọ́ mélòó ni àwọn òbí tiwọn ń lò fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń dì dání. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, nítorí ìwé tí a kò kọ, ikán kò lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ikú lè gbé e lọ.

Kìlómítà 52 kò ní yí padà. Bí ó ti wà ní ọjọ́ Kòsọ́kọ́ ni ó wà ní ọjọ́ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà ní ọjọ́ tí ọkọ̀ òfúrufú bá bà ní Ẹ̀pẹ́, bí ọjọ́ náà bá dé. Àkókò nìkan ni ó wà ní ọwọ́ wa, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a ń lò kí a tó jáde ní ẹnu ọ̀nà ilé.

Kí ọ̀nà ó là fún gbogbo ẹni tí ń rìn ín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.